Imú Ọba Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Bíríkìlà

Bí ère òkúta Íjíbítì bá fọ́, ibo ló yẹ kí àtúnṣe rẹ̀ dúró? Èrò tèmi ni pé kí wọ́n dá ohun tó bá jẹ́ ti ère gan-an padà sí i lára. Èyí tó bá ti sọnù, kí wọ́n má ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀ kí n dákẹ́, àmọ́ Bàbá Sìmẹ́ǹtì, bíríkìlà tí kì í gbà bọ̀rọ̀, àti Tíṣà Àdùkẹ́ ti wọ mùsíọ̀mù Metropolitan ní New York. Kí wọ́n kúkú fà á láàárín ara wọn.

BÀBÁ SÌMẸ́ǸTÌ: Tíṣà, ojú tì mí fún wọn. Odindi ọba, kò nímú! Èkejì rẹ̀, kò nímú! Wọ́n lè gbowó lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wá lè ra àpò sìmẹ́ǹtì kan? Àpò kan péré, ilẹ̀ ò ní í ṣú tí n óò fi rẹ́ imú fún gbogbo wọn. Kí wọ́n ṣáà ti sọ èyí tí wọ́n fẹ́, ṣóńṣó ni àbí pẹlẹbẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, mo lè fi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ èyí tó rù yẹn sókè.

TÍṢÀ: Ẹ rọra, Bàbá. Ọ̀pọ̀ imú wọ̀nyí, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ wọn. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ gbà pé ẹ̀mí ọba tàbí òrìṣà a máa wọ inú ère láti gba ọrẹ, imú ló sì fi ń mí. Àlàyé Edward Bleiberg, tó ṣe olùtọ́jú ohun Íjíbítì ní mùsíọ̀mù Brooklyn, ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí ère di òkúta lásán, èémí rẹ̀ ni yóò gbà.

BÀBÁ SÌMẸ́ǸTÌ: Àlọ́ ìjàpá! Imú ló yọ síta jù lójú èèyàn. Bí ère bá dojú bolẹ̀, kí ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀, ìpàkọ́?

TÍṢÀ: Ọ̀rọ̀ yín ì bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ká ní ère tó dá dúró nìkan ni kò nímú. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ pẹlẹbẹ sára ògiri ńkọ́? Wọn ò yọ síta, wọn ò ṣubú, síbẹ̀ wọ́n ti ṣá imú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ère ẹni tó ń rúbọ, apá òsì ni wọ́n sábà máa ń gé. Ti ẹni tó ń gbọrẹ, apá ọ̀tún. Ìṣubú kì í yan apá. Tẹ́ ẹ bá wá rẹ́ imú tuntun lé e, ẹ ti pa ẹ̀rí rẹ́.

BÀBÁ SÌMẸ́ǸTÌ: Hatshepsut, ọba obìnrin yìí ńkọ́? Wọ́n fọ́ ọ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òun ló tún jókòó pẹ̀sẹ̀ síbí. Bí òyìnbó bá tò ó, àtúnṣe ni. Bí bíríkìlà bá tò ó, ó ti pa ẹ̀rí rẹ́. Ẹ ṣeun o!

TÍṢÀ: Àfọ́kù tirẹ̀ gan-an ni wọ́n tò. Ikọ̀ Herbert Winlock láti mùsíọ̀mù yìí ló wú u ní àwọn ọdún 1920 nítòsí tẹ́ḿpìlì rẹ̀ ní Deir el-Bahri, níbi tí wọ́n dà á sí nígbà ìjọba Thutmose Kẹta, ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lepsius, onímọ̀ nípa Íjíbítì, ti kó lára rẹ̀ lọ sí Berlin ní 1845, kí mùsíọ̀mù tọ̀hún àti tibí tó wá ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n sì ṣàkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n wú. Àkọsílẹ̀ yẹn ni olùwádìí Jun Yi Wong yẹ̀ wò tó fi kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Antiquity ní 2025 pé ọrùn, ìbàdí àti orúnkún ni wọ́n ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gba agbára lọ́wọ́ ère àwọn ọba mìíràn náà. Kì í ṣe ìbínú lásán.

BÀBÁ SÌMẸ́ǸTÌ: Kí ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́?

TÍṢÀ: Lóde òní, wọ́n máa ń lo gọ́ọ̀mù Paraloid B-72, tí acetone lè tú bí ìmọ̀ tuntun bá dé.

BÀBÁ SÌMẸ́ǸTÌ: Iṣẹ́ tó ṣeé tú! Ilé tí mo kọ́, onílé fúnra rẹ̀ fẹ́ lu fèrèsé sí i, kò lè lu ú. Sìmẹ́ǹtì kì í kábàámọ̀, Tíṣà.

TÍṢÀ: Wọ́n ti fi tún Sphinx ti Giza ṣe ní àwọn ọdún 1980. Iyọ̀ inú rẹ̀ wọ òkúta, ó ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní láti yọ sìmẹ́ǹtì náà kúrò.

BÀBÁ SÌMẸ́ǸTÌ: Yanrìn wọn ló pọ̀ jù.

TÍṢÀ: Iyọ̀ ni, Bàbá.

BÀBÁ SÌMẸ́ǸTÌ: Ta ló ń fi iyọ̀ po sìmẹ́ǹtì? Ọbẹ̀ ni wọ́n ń sè ni? Yanrìn!

Tíṣà ló jàre lórí imú. Àmọ́ ẹ̀sùn Bàbá kan kò ṣeé dà nù: ère tí kò nímú, tí wọn kò kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀lẹ ni àlejò yóò pe àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.