Ẹ Kọ Iṣẹ́ Họ́lídé Yín Sínú Fọ́ọ̀mù

Ìbò ọdún 2027 ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn olóṣèlú wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìgbà èwe wọn. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn rántí ibi tí owó títì ìjọba ìbílẹ̀ gbà lọ lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kiri ní họ́lídé fọ́ọ̀mù tú, wọ́n rántí rẹ̀ títí dé iye tí wọ́n tà á. Èyí kiri ẹ̀kọ, ìyẹn ru búlọ́ọ̀kù, ẹnì kẹta ní òun pọnmi títí ọrùn òun fi kúrú. Kó tó di ọjọ́ ìbò, a ó rí ẹni tí yóò sọ pé òun lòun máa ń ti oòrùn yọ láàárọ̀ fún gbogbo ìlú, àti pé wọ́n ṣì jẹ òun lówó.

Ẹni tó jẹ́ kí ọjà yìí tà wàràwàrà ni Ọ̀mọ̀wé Goodluck Jonathan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ní Eagle Square l'Ábújá, ó sọ pé òun kò ní bàtà nígbà tí òun ń lọ sílé ìwé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó wọlé ìbò ààrẹ. Látìgbà náà ni gbogbo olùdíje ti ń bọ́ bàtà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ilé epo mẹ́ta náà ti bọ́ tiẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò bá a gbé e pamọ́ títí di ọjọ́ ìbúra.

Àwọn kan ṣiṣẹ́ náà lóòótọ́ o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹ wo Baptist Boys' High School l'Abẹ́òkúta ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà níbẹ̀: ó ń kó yanrìn tà fún àwọn tó ń kọ́lé, ó ń ṣẹ́gi, ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àti oko obì, ó tún ń gé koríko ọgbà ilé ìwé, kówó ilé ìwé lè pé. Moshood Abíọ́lá náà wà níbẹ̀. Òun ti ń ṣẹ́gi tà láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án; nígbà tó sì di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀ tó ń ṣeré lóde ìnáwó, oúnjẹ ni wọ́n sì fi ń san án fún wọn níbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣe ìwé ìròyìn ilé ìwé wọn, The Trumpeter. Abíọ́lá ni olóòtú, Ọbásanjọ́ ni igbákejì. Ẹ wá wo bí Nàìjíríà ṣe pín in: oníyanrìn jọba lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ aṣọ ológun jọba, ó tún wọ agbádá jọba, onígi wọlé ìbò June 12 ọdún 1993, wọn ò jẹ́ kó jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tó wà nínú yanrìn tí kò sí nínú igi, kó wá ṣàlàyé fún mi.

Ti Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé ó fọ abọ́, ó ṣọ́ ilé lóru, ó sì wa takisí l'Amẹ́ríkà. Abọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló dùn jù.

Láti ìparí àwọn ọdún 1970 wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó a máa wọ bàálù lọ sí London bí họ́lídé ńlá bá ti dé. Wọ́n á ní àwọn lọ sọ́mà. Àwọn aládùúgbò á máa kí ìyá wọn kú oríire, pé ọmọ rẹ̀ ti lọ jayé òyìnbó. Ọmọ wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé oúnjẹ kan, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń ha ọbẹ̀ tó ti gan mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹnì kejì ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kílẹ̀ tó mọ́, kí àwọn tó ni ọ́fíìsì tó dé. Ẹnì kẹta ń ká strawberry lóko ní Kent, ẹni tí kò gbà láti bá bàbá rẹ̀ dé oko iṣu rí láyé. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, gbogbo wọn á dé: bàtà gíga gogoro, rẹ́kọ́ọ̀dù, sítẹ́ríò, Yorùbá tí wọ́n ń gba imú sọ. Ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ọ́fíìsì ni gbogbo wọn wà! Kò sẹ́ni tó rí abọ́ sójú.

Lọ́dún 1986, náírà wó lulẹ̀ lábẹ́ SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba Babangida. Lọ́dún kan náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó wọlé. Sọ́mà parí síbẹ̀. Àwọn tó fọ abọ́ nígbà náà ti darúgbó, àwọn mìíràn ti di olóyè àti sẹ́nétọ̀, wọ́n sì ti fi ogójì ọdún pa abọ́ náà mọ́ fún ìyàwó àtọmọ. Ní báyìí tí abọ́ ti ń mú ìbò wá, ẹ máa wò wọ́n bí wọ́n á ṣe máa jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì máa bu iye abọ́ lé e.

Ìyẹn ni mo fi ní kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, fi àlàfo kan kún fọ́ọ̀mù olùdíje. Kí olùdíje kọ iṣẹ́ họ́lídé rẹ̀ síbẹ̀, kí ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ fọwọ́ sí i, ká sì máa fi pín ipò. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì ti ń fa ẹjọ́ jù. N kò tíì rí ẹni tó ṣe ayédèrú èékánná tí búlọ́ọ̀kù jábọ́ lé.

Ẹni tó bá ṣe kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ Mólùè rí, òun ni mínísítà ètò ìnáwó. Ẹ rántí iṣẹ́ wọn. "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹ wọlé, ẹ sanwó. Nígbà tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé Ìyànà Ìpájà, ó so ẹ̀yin àti ẹnì kan tẹ́ ò mọ̀ rí pọ̀ mọ́ náírà oníbébà kan, ó ní kẹ́ ẹ lọ pín in nílẹ̀. Ẹ̀yin ń lọ Agége, òun ń lọ Ẹ̀gbẹ́dá. Kí ni wọ́n ń ṣe lóṣooṣù l'Ábújá tó yàtọ̀ síyẹn, tí wọ́n bá ń pín owó fún ìpínlẹ̀ 36? Ohun kan ló yàtọ̀: gómìnà kì í sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù.

Ọmọbìnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó ń ta ìpè fóònù nígbà tí GSM dé lóṣù Kẹjọ ọdún 2001, ẹ gbé e fún DSS. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ọmọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ ń sọ fún ìyàwó pé òun wà n'Íbàdàn, tó sì jẹ́ pé Ojúẹlẹ́gba ló dúró sí. Kò wojú rẹ̀. Owó rẹ̀ ló ń kà. Ta ló tún fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́?

Àwọn ọmọ wa òde òní ló ṣe mí láàánú. Àwa là ń sanwó kí wọ́n tó lọ sọ́mà lẹ́sìn, nínú òjò oṣù Keje. Bí àwọn náà bá fẹ́ díje lọ́jọ́ iwájú, kí ni wọ́n máa sọ fún aráàlú? Pé íntánẹ́ẹ̀tì kò yára?

Iṣẹ́ tèmi kò tiẹ̀ lórúkọ. Lọ́dún 1994, bàbá onílé kan ládùúgbò wa ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, ó sì ní òpó èríà lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í jẹ́ kí òpó náà dúró. Èmi ni wọ́n gbà kí n máa dì í mú. Gúgúrú àti ẹ̀pà ni owó iṣẹ́. Lóru tí Nàìjíríà pàdé Bulgaria ní Dallas, aago méjìlá ti kọjá níbí, NẸ́PÀ ṣàánú wa, inú ilé kún dé ojú fèrèsé. "Ó ti mọ́! Dúró bẹ́ẹ̀! Má mí!" Rashidi Yẹ̀kínì gbá a wọlé, gòólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé. Ó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n, ó ń sunkún, gbogbo ayé ń wò ó. Èmi ń wo ògiri ṣáláńgá. Mo gbọ́ ariwo, mo ní kí n fò sókè, bàbá onílé sì ké látinú ilé: "Ìwọ dúró síbẹ̀!" Gòólù mẹ́ta la jẹ lóru yẹn, n kò rí ẹyọ kan.

Mo gbọ́ pé ipò mínísítà ètò ìròyìn máa ń ṣófo lẹ́yìn ìbò. Ẹ bá mi forúkọ sílẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró nínú òkùnkùn láìrí nǹkan kan, tí wọ́n á sì máa bi àwọn tó wà nínú ilé pé, "Ṣé ó ti mọ́?" Bí wọ́n bá ní kò tíì mọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí òpó. Yàtọ̀ sí owó oṣù àti mọ́tò, gúgúrú nìkan ni mo máa gbà, kí ẹ̀pà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ o.