Wọ́n Wo Ẹṣin Iwájú, Wọ́n Ra Gàárì

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí bàbá bá ń mu àmupara lójú ọmọ, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un. Bí ọ̀gá bá ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, òun náà ni wọ́n ń dọ́gbọ́n sọ sí i létí. Àwọn àgbà gbà pé ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ènìyàn, ìṣe onítọ̀hún ni yóò kọ́. Ohun tí wọn ò rò mọ́ ọn ni pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹṣin ẹ̀yìn yóò wo ti iwájú láti etí dé pátákò, tí yóò mọ iye tí wọ́n ra gàárì rẹ̀, tí yóò mọ ẹni tó rọ ìjánu rẹ̀, tí yóò lọ ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí kò sì níí sáré. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìgbà náà, kó lọ sí ibi eré-ìje kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cyclocross, ní Sọ́ńdè èyíkéyìí láàárín oṣù kẹsàn-án ọdún kan sí oṣù kejì èkejì.

Eré náà rọrùn láti ṣàlàyé, ó kàn ṣòro láti gbà gbọ́ ni. Wọ́n á fi okùn àti ọ̀pá pààlà sí ọ̀nà kan tó yí po, bíi kìlómítà 2.5 sí 3.5, gba inú ẹrẹ̀, iyanrìn, koríko àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Wọ́n á tún mọ̀ọ́mọ̀ fi pákó méjì dábùú ọ̀nà, èyí tí gíga rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀, kó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fò ó, kó tún gùn ún. Bí ó bá dé ibi òkè tó le, á gbé e kọ́ èjìká, á máa sáré gòkè. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé ènìyàn, ènìyàn ló ń gbé e. Àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n jù á fi nǹkan bíi wákàtí kan yí ọ̀nà yìí ká léraléra. Àwọn tí ń fi í gbafẹ́, tí wọ́n ní iṣẹ́ oṣù àti ọmọ nílé, a máa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, lẹ́yìn èyí tí wọ́n á wà nílẹ̀ gbalaja bí ẹni tí wọ́n gbé ti ojú ogun dé.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é pa òwe àgbà mọ́. Daniel Gousseau ló ṣètò ìdíje gbogbo Faransé àkọ́kọ́ ní 1902. Nígbà tí Octave Lapize gba Tour de France ní 1910, ó ní eré inú ẹrẹ̀ tí òun ń sá nígbà òtútù wà lára ohun tó fún òun lágbára. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n bọ́ sínú ẹrẹ̀. Jean Robic pàápàá, tó gba Tour de France ní 1947, òun náà ló gba adé àgbáyé àkọ́kọ́ nínú eré yìí ní Paris ní 1950. Ti iwájú sáré, ti ẹ̀yìn wò ó, ti ẹ̀yìn náà sáré. Òwe ṣẹ, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹ wá wo ti ẹ̀yìn òde òní. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo Wout van Aert, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó gba adé àgbáyé ní 2016, 2017 àti 2018, ó sì ń wo Mathieu van der Poel ará Nẹ́dálándì, tó ti gba adé náà jù ú lọ fíìfíì. Kí ló rí? Ó rí i pé bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, wọ́n a máa pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ lágbedeméjì ọ̀nà, ẹnì kan á sì máa fi ẹ̀rọ olómi fọ èyí tó dọ̀tí kí wọ́n tó yí dé. Kò rí wákàtí tí wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí wọn kì í fi ìyẹn hàn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe ipò kọkànlélógójì nínú ọgọ́ta ènìyàn ra kẹ̀kẹ́ kejì. Ó ra ẹ̀rọ olómi. Ìyàwó rẹ̀, tó rò pé òun ń bá ọkọ ṣeré jáde ní Sọ́ńdè, bá ara rẹ̀ nínú bàtà rọ́bà, ó ń fọ kẹ̀kẹ́ nínú òtútù.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti táyà. Òfin ni pé ní ìdíje àgbà, fífẹ̀ táyà kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 33 lọ. Òfin yìí kò kan ọ̀gbẹ́ni wa, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wọn tirẹ̀ wò, síbẹ̀ ó ní ti ẹrẹ̀, ó ní ti iyanrìn, ó ní ti koríko gbígbẹ. Bó bá dé ibi eré, á rìn yí ọ̀nà ká, á fi ìka tẹ táyà, á tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde níbẹ̀, á tún fà á sí i. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi wákàtí kan jiyàn lórí iye afẹ́fẹ́ tó yẹ. Ẹ bi í bóyá ó gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, á ní iṣẹ́ pọ̀. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un nígbà tí aṣọ ọ̀hún fún mọ́ ọn lára tó báyìí?

Àwọn kan tilẹ̀ wà tó gbìyànjú láti kọ́ eré fúnra rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. Sven Nys, tó gba adé àgbáyé ní 2005 àti 2013, kì í sọ̀ kalẹ̀ níbi pákó nígbà tó ṣì ń sá eré. Ńṣe ló ń fi kẹ̀kẹ́ fò ó bí ẹni pé pákó ò sí níbẹ̀. Láti kékeré ló ti kọ́ fífò yẹn lórí kẹ̀kẹ́ BMX. Ti ẹ̀yìn wò ó ní Sátidé, ó fò ní Sọ́ńdè. Èyí ló jẹ́ kí ibi pákó kún fọ́fọ́ fún òǹwòran ju ibòmíràn lọ. Wọn kò wá wo ẹni tó fò ó kọjá.

Àfarawé tún ní ẹ̀yà tó le ju ìyẹn. Ní Zolder, ní oṣù kìíní 2016, níbi ìdíje àgbáyé, wọ́n bá mọ́tò kékeré nínú kẹ̀kẹ́ kan tó wà nípamọ́ fún ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù kan. Ó ní kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ òun ni, pé wọ́n ṣèèṣì gbé e wá ni. Àjọ UCI, tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kò gbà á gbọ́. Wọ́n fòfin dè é fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì bu ìtanràn 20,000 fránkì Súwísì lé e. Láàárín àwọn tí ń fi eré gbafẹ́, wọn kì í fi mọ́tò jalè; ọgbọ́n tiwọn ni pé ẹni tó ti tó bá àwọn alágbára sá á kọ̀ láti gòkè sí ìsọ̀rí wọn, á dúró láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á máa gba ife lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹṣin iwájú nìyẹn tó sá lọ bá àwọn ti ẹ̀yìn kó lè ráyè jẹ́ iwájú.

Bẹ́ẹ̀, nínú eré yìí, iwájú àti ẹ̀yìn kì í pẹ́ dojú rú. Ọ̀nà yí po. Kò níí pẹ́ tí ti ẹ̀yìn yóò gbọ́ ìmí ẹnì kan léjìká, tí yóò yíjú, tí yóò rí i pé ẹṣin iwájú ló ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ní ìdíje àgbà, wọn kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀: bí ènìyàn bá ti jìnnà sí ẹni àkọ́kọ́ dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí onítọ̀hún fi yí ìgbà kìíní, wọ́n á ní kó máa lọ ilé. Níbi eré ìgbafẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀, kó máa wo ẹṣin iwájú láti ẹ̀yìn, àti láti iwájú pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, bó ti wù kó rí, ó ṣe nǹkan. Ẹrẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, èémí ti tán nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá kù sí ẹni tó fara ti okùn, tó di ike bíà mú. Òun kì í ṣe ti iwájú, kì í ṣe ti ẹ̀yìn, síbẹ̀ òun ló mọ eré-ìje jù. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, òǹwòran a máa san owó ìwọlé, a máa jẹ ọ̀dùnkún díndín, a sì máa mu bíà nínú àgọ́ ńlá láti àárọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló mọ eré náà dénú, tí bàbá wọn sì mú wọn wá láti kékeré. Àwọn díẹ̀ tó kù rò pé owó ìwọlé yẹn ni wọ́n fi ra ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n á ho lé e lórí, wọ́n á bú ìyá rẹ̀, bí ike bíà bá sì fẹ́ tán, wọ́n á da ìyókù sí i lára. Bart Wellens, tó gba adé àgbáyé ní 2003 àti 2004, gbé ẹsẹ̀ sókè níbi eré kan ní Overijse, ó ta òǹwòran kan nípàá. Ní Hulst ní Nẹ́dálándì, ní oṣù kejìlá 2023, Van der Poel wọ ẹ̀wù òṣùmàrè tí akọni àgbáyé ń wọ̀, àwọn kan ń bú u ní gbogbo ìgbà tó bá yí dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì tutọ́ sí wọn. Ó gba eré náà. Wọ́n tún gba 250 fránkì Súwísì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí itọ́ náà.

Mi ò ní ó ṣe dáadáa. Àwọn ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ọjọ́ yẹn, ojú wọn sì là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè: ẹṣin wo làwọn ọmọ náà ń wò? Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ti iwájú fi kọjá níwájú wọn. Bàbá tó ń pariwo èébú wà lẹ́yìn wọn fún odidi wákàtí kan.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n wo ti Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n ra gàárì tirẹ̀: agogo ọrùn màlúù, bíà, ọ̀dùnkún díndín. Wọ́n wá fi tiwọn kún un. Òǹwòran á na ike bíà, dónọ́ọ̀tì tàbí owó dọ́là sí ẹni tó ń sáré, onítọ̀hún á sì gbà á. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ẹni tó ń lé ipò karùndínlógójì á dúró mu bíà, á padà di ipò ogójì, á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àjọ USA Cycling ní òfin kò gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, àwọn aláfẹ́ kọ ọ́ sára aṣọ pé gbígba ẹ̀bùn kì í ṣe ọ̀ràn. Ní Portland, níbi tí eré Cross Crusade ti kó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ rí lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí ẹni tó wọ aṣọ egúngún òyìnbó gun kẹ̀kẹ́. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje oníyẹ̀yẹ́ kan ní 2007, èyí tí wọ́n pè ní ti àgbáyé fún kẹ̀kẹ́ oníjíà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní níbẹ̀, wọ́n á fín àmì sí i lára tí kò ṣeé parẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ pé ẹṣin iwájú ní ìdí gidi láti dẹwọ́ eré.

Àwọn wọ̀nyí kò yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò lè sáré, tó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò tan ẹnikẹ́ni. Yẹ̀yẹ́ náà sì ní ìlànà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nídìí ayò: ọ̀ta á máa fi ẹnu gbo òpè mọ́lẹ̀, àwọn tó yí ọpọ́n ká á máa fi òwe àti ẹ̀rín gbè é, òpè pàápàá á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń da ẹmu sínú ọpọ́n. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ dé ìdílé ẹlòmíràn, wọ́n á ní kó dìde. Ẹnu ló ń ṣeré níbẹ̀, ìwà ṣì jókòó tì í.

Àwọn aláṣẹ ti gbìyànjú tiwọn: okùn, ọlọ́pàá, ìtanràn. Mo ní àbá tó gbówó pọ́ọ́kú jù ú lọ. Kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ kan àti pákó sẹ̀ǹtímítà 40 sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọtí ní gbogbo ibi eré. Ẹni tó bá mu ike kejì, tó sì fẹ́ kọ́ Van der Poel ní iṣẹ́, kó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ náà, kó fò ó. Bó bá kọjá, kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ okùn, kó pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó tọ́ sí i. Bó bá ṣubú, àwa náà lẹ́nu.