Ọ̀gá Burúkú ni Mo Jẹ́ fún Ara Mi

Bí ẹnìkan bá gbà mí síṣẹ́ tó ní kí n máa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí n gbé kọ̀ǹpútà lé itan, kí n dorí kodò bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú iyanrìn, kí n sì máa fi ọwọ́ kan jẹun ọ̀sán nígbà tí ọwọ́ kejì ń tẹ kíbọọ̀dù, ariwo tí n óò pa yóò dé etí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àmọ́ èmi gan-an ni ọ̀gá náà. Èmi ni mo gbà mí síṣẹ́, èmi ni mò ń rẹ́ mi jẹ, ọ̀dọ̀ ara mi náà ni mo sì gbọ́dọ̀ fi ẹjọ́ mi sùn. Láti ìgbà tí òfin kónílé-ó-gbélé kòrónà ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nílùú. Kọ̀ǹpútà la sì ń dá lẹ́bi: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni, ooru rẹ̀ ni. Lójú tèmi, ẹ̀bi ẹ̀rọ náà kò tó nǹkan. Ní ọ́fíìsì, àwọn ẹlòmíràn ń bá wa tọ́jú ara wa láìmọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Nígbà tí a kó iṣẹ́ wálé, a gba oyè ọ̀gá, a kò gba iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo iye ìgbà tí ọ́fíìsì ń gbé ènìyàn dìde lójúmọ́. Ènìyàn á fẹsẹ̀ rìn lọ wọ dáńfó, á gun àtẹ̀gùn nítorí pé lífítì ti kọṣẹ́, ọ̀gá á ránṣẹ́ pè é, á sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìyá oníráìsì, á sì yà sídìí tábìlì ẹnìkejì láti gbọ́ òfófó tó délẹ̀. Ìfàkókòṣòfò là ń pe gbogbo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ oògùn ni. Ní ọdún 1953, dókítà kan ní Britain, Jerry Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé The Lancet lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú London. Inú ọkọ̀ kan náà ni awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ jọ ń wà, ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn ń mú awakọ̀ tó jókòó gbọin ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò gbowó lọ. Ẹnìkan lè ní bóyá àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló ń gba iṣẹ́ awakọ̀. Morris náà rò ó, ó lọ yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn wò, ó rí i lóòótọ́ pé ìbàdí ṣòkòtò awakọ̀ ló fẹ̀ jù. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé awakọ̀ tó tín-ín-rín pàápàá kò bọ́ nínú ewu náà. Nílé mi, mo ti fi ara mi ṣe awakọ̀, mo sì ti lé kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ.

Àwọn tó ń sáré ní aago márùn-ún ìdájí yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Wọ́n jàre dé àyè kan. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2016, tó kó àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ, sọ pé ẹni tó ń jókòó ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́ lè fi eré ìdárayá pa ewu ikú àìtọ́jọ́ tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Àmọ́ eré náà gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 60 sí 75, lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé kò sí nínú àdéhùn yẹn. Ikú nìkan sì ni ìwádìí náà ń wò. Ọrùn tó ti dorí kodò láti àárọ̀ kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ sáré ní ìdájí.

Ọ̀rọ̀ ọrùn gan-an ló ń fi ìwà òmùgọ̀ wa hàn jù. Orí ènìyàn wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Dókítà iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kan ní New York, Kenneth Hansraj, ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2014 pé bí a bá tẹ orí ba dáadáa, bí a ti ń ṣe sí fóònù, ẹrù tó ń wá sórí ọrùn lè tó kílò 27. Ìṣirò ni o, kò gbé òṣùwọ̀n sọ́rùn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ pa ọrùn ara rẹ̀ lálẹ́ kò ní bá a jiyàn púpọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ń dá kún un, nítorí pé wọ́n so ojú rẹ̀ mọ́ kíbọọ̀dù: bí ọwọ́ bá wà níbi tó tọ́, ọrùn á tẹ̀, bí ọrùn bá nà, ejìká á ròkè. Ohun tí irú wa sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó lọ ra àga olówó gọbọi, èyí tí yóò di ibi ìfaṣọsí kí oṣù tó parí, a ó sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ní òun kò lówó àga kò pàdánù nǹkan. Kó kó ìwé ńláńlá sábẹ́ kọ̀ǹpútà títí òkè ojú rẹ̀ yóò fi bá ojú òun dọ́gba, kó ra kíbọọ̀dù kékeré kan lọ́tọ̀, kó ká ìró sẹ́yìn ìbàdí lórí àga ìjẹun. Ìyàwó ilé lè bínú nítorí ìró náà. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ nínú yàrá wa kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ojú. Nǹkan bí ìgbà 15 sí 20 ni à ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, a kì í ṣẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ mọ́, omi tó bo ẹyinjú á gbẹ, ojú á máa ta, á máa pọ́n. Àwọn ọlọ́jà ti rí owó níbẹ̀: wọ́n ń ta awò tó ń dí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí Cochrane gbé ìdánwò 17 yẹ̀ wò, wọn kò sì rí i pé awò náà ń dín ojú rírẹ̀ kù. Ohun tí àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà ń sọ kò ná wa ní kọ́bọ̀: ní ìṣẹ́jú 20 sí 20, kí a wo ohun tó jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí iṣan inú ojú lè sinmi. Bí yàrá kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, igi ìta ń bẹ. Dídá kọ̀ǹpútà lẹ́bi gbogbo ìnira ojú sì léwu tirẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 rí i pé nínú àwọn tó ti pé 40 ọdún, nǹkan bí ẹni 5 nínú 100 ló ní glaucoma, èyí tó ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀ láìdunni, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò sì mọ̀. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló fà á, awò búlúù kò sì ní rí i.

Àtakò tó le jù ni ti owó: ẹni tó ń fi wákàtí gbowó, tí oníbàárà òkè òkun fi aago sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò ní òun kò ráyè dìde. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò sẹ́ni tó ní ká fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó gbaṣẹ́ sí Britain tó ń ti ilé rẹ̀ ní Peckham ṣe é wà lábẹ́ òfin ọdún 1992 tó de iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: agbanisíṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó sì sanwó àyẹ̀wò ojú bó bá béèrè. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ pé ìsinmi ìṣẹ́jú 5 sí 10 ní wákàtí kan sàn ju ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn wákàtí méjì lọ. Òfin tiwa, Factories Act, ilé ẹ̀rọ ló ń wò. Kò mọ̀ pé yàrá mi wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ọ̀gá ni mo gbọ́dọ̀ gé ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn fún èmi ọmọọṣẹ́.

Ó ku jẹnẹrétọ̀. Ní ọ́fíìsì, ẹ̀yìnkùlé ló ń wà, ẹnìkan sì ń bójú tó o. Nílé, nítorí olè, ẹnu ọ̀nà tàbí abẹ́ fèrèsé là ń gbé e sí, a ó sì jókòó ti iṣẹ́. Carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì máa ń gba àyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ó tún ní kọ̀ǹpútà ló fà. Ọrùn àti ojú lè fún wa ní ọdún pípẹ́ ká tó ṣàtúnṣe. Èéfín yìí kì í fúnni ju òru kan lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ. Bí àyè kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ pa á, kí iṣẹ́ di ọ̀la.