Ọ̀gá Hámà

Ẹ má wulẹ̀ béèrè ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ti gba títì Adó wọ Ìkẹ́rẹ́, ẹ sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Lọ́wọ́ ọ̀sán tí ìlú ń gúnyán, òun náà ń gún tiẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iyán a máa kúnná.

Ọ̀gá Hámà ni mò ń sọ. Ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, ó wà ní Ìsẹ̀, ó wà ní Ẹmùrẹ́. Orúkọ ló yàtọ̀. Ìwé fúrídọ̀ọ̀mù rẹ̀ wà nínú férémù lára pákó, epo ti bo orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Orí Peugeot 504 ló ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí ilé iṣẹ́ Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 ń tò wọ́n. Ẹ má fojú di í níbẹ̀ o: ẹ tú 504 palẹ̀ níwájú rẹ̀ lóru, yóò tò ó padà láìtan iná. Àmọ́ táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì 504 ń yí. Ti Corolla, Camry àti Accord, táyà iwájú ni, ṣáàfù méjì ló sì ń gbé agbára láti inú gíábọ́ọ̀sì lọ bá wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ síwájú, wọn kò ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Hámà.

Olùkọ́ kan ní yunifásítì ìlú (ibi tí àwa àgbà ṣì ń pè ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì, àfi tọ́mọ wa bá ń wá àdímíṣọ̀n) wa Honda rẹ̀ dé, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà mọ́tò sọ ní End of Discussion. Tó bá ń ṣẹ́ kọ́nà, táyà iwájú a máa dún kọ́-kọ́-kọ́. Ọ̀gá Hámà kò tíì dìde lórí bẹ́ǹṣì tó fi ní, "Ṣáàfù ni." Òótọ́ sì ni, níbi àyẹ̀wò, kò lẹ́gbẹ́. Kòtò títì Àkúrẹ́ ti ya bútù tó bo oríkèé ṣáàfù, gíríìsì ti dà nù, iyanrìn ti wọlé bá bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà tí Alfred Rzeppa, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Ford, ti ṣètò sínú oríkèé yẹn láti 1926, kí táyà lè máa yí bó ti ń yà sọ́tùn-ún sósì.

Wọ́n ti tẹ etí nọ́ọ̀tì họ́ọ̀bù wọ ihò ara ṣáàfù kó má baà tú. Ẹni tó fẹ́ tú u yóò kọ́kọ́ fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbé etí náà sókè. Ọ̀gá Hámà kì í gbé etí. Ó ki páìpù bọ ọwọ́ sókẹ́ẹ̀tì, ọmọ iṣẹ́ méjì gorí páìpù, nọ́ọ̀tì han, ó sì tú.

Ó wá kan ṣáàfù fúnra rẹ̀. Ìpata ti so eyín rẹ̀ mọ́ eyín họ́ọ̀bù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fín òróró sí i, yóò lọ jẹun. Tó bá dé, yóò dá nọ́ọ̀tì padà títí yóò fi bá orí ṣáàfù dọ́gba, yóò fi igi tàbí bàbà gbà á kó tó fi hámà kàn án. Bí kò bá gbọ́ síbẹ̀, wọ́n á de púlà mọ́ bóòtì táyà, wọ́n á máa fún un díẹ̀díẹ̀, púlà yóò sì ti ṣáàfù sẹ́yìn láìpariwo. Púlà wà nínú àpótí Ọ̀gá Hámà. Kò tíì kúrò nínú ọ̀rá tó bá wá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n dá nọ́ọ̀tì padà sórí ẹ̀, kórí ẹ̀ má baà tẹ́."

"Ta ló ń kọ́ ẹ níṣẹ́? Ṣémi ni àbí fóònù?"

Gbà! Kò pẹ́ tí orí ṣáàfù fi fẹ̀, tí tẹ́rẹ́ẹ̀dì wolẹ̀: kò gba nọ́ọ̀tì mọ́, kò sì lè gba inú họ́ọ̀bù kọjá. Àwọn ọlọ́kadà ti dúró wòran. "Ẹ fi gbogbo ara gbá a!" Nígbà tó já tán, ó ku ti gíábọ́ọ̀sì, níbi tí òrùka kékeré kan ti di ṣáàfù mú. Irin gígùn tí wọ́n kì bọ ìdí rẹ̀, tí wọ́n já lẹ́ẹ̀kan, ti tó o. Ọ̀gá Hámà gbá ara ṣáàfù mú, ó fà á. Bútù inú ya, rólà mẹ́ta bọ́ sínú iyanrìn, síìlì ya, ọ́ìlì ń ṣàn. Mọ́tò tó wá nítorí ṣáàfù ń fẹ́ bíárìn báyìí, ó ń fẹ́ síìlì, ó ń fẹ́ họ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ hámà ṣáá, yóò ní ìyá òun wá láti Ìsẹ̀, ìlú Ọlọ́wẹ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní 1924. Òòlù náà kọ́ ni Ọlọ́wẹ̀ fi ṣiṣẹ́? Ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Mọ́tò tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá Hámà náà kì í tètè délé.

N kò lè dá a lẹ́bi tán ṣá. Àwa la sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fín òróró sí ìpata, tó jókòó tì í, àwa la máa bi í pé ṣé owó òróró ló ń gbà ni. Ẹni tó bá làágùn dé bàtà, a ò ní ná an lówó, a ó tún ra mọ́tíínì tútù fún un. Ọ̀gá Hámà mọ èyí ju gíábọ́ọ̀sì lọ. Púlà kì í jẹ́ kéèyàn làágùn.

Olùkọ́ yẹn san gbogbo ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣiṣẹ́ lónìí o," ló wí, ó sì gba nọ́ńbà rẹ̀ fún àna rẹ̀ ní Ẹmùrẹ́, tí Camry tiẹ̀ ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́.