Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Alámọ̀ràn

Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò òde ìgbéyàwó ni mò ń yà. Àjọ tí èmi àtìyàwó mi ń dá ti kàn wá, mo sì fẹ́ fi ra Nikon D850 tó ní megapixel 45.7. Ìyàwó mi ní D3500 tó ní 24.2 ti tó, ká fi ìyókù sanwó ilé. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.
— Ọkàn Pín Sí Méjì, Mọ́kọ́lá

Àbúrò, màá bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́: mo fẹ́ bá a kẹ́dùn irú ọkọ tó fẹ́. Fọ́tò ínṣì 8 sí 10 tí wọ́n ń gbé kọ́ sí pálọ̀, megapixel 7 lé díẹ̀ ti tó o láti dán gbinrin. Níbo ni ìyókù fẹ́ sùn? Orí WhatsApp ni, WhatsApp á sì rún un bí ẹ̀bà.

Òótọ́ ni pé ojú tí D850 fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ ju ti D3500 lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Bí gbọ̀ngán bá ṣókùnkùn, á ríran jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ra D3500, kó o fi lẹ́ńsì 50mm f/1.8 kún un. Lẹ́ńsì tó ń bá a wá nínú páálí, tó o bá fà á jáde tán, f/5.6 ló ń wà. Ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń gbà ju tiẹ̀ lọ ní ìlọ́po 9. Ṣáà rí i pé wọ́n kọ AF-S sí i lára, nítorí D3500 kò ní mọ́tò tí í yí lẹ́ńsì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni wàá fi máa yí i títí ìyàwó ọ̀sìngín yóò fi bímọ.

Bí o bá ń bẹ̀rù pé àwọn oníbàárà á fojú di kámẹ́rà kékeré, fi téépù dúdú bo orúkọ rẹ̀, gbé fíláàṣì gàgàrà lé e lórí, kó o sì mí kanlẹ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀, sọ fún un pé ẹnu kò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ ta Canon 5D Mark II tòkunbọ̀ fún mi. Wọ́n ní ìyá àgbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni ín, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.
— Ṣé Kí N Rà Á, Abẹ́òkúta

Ọdún 2008 ló jáde, megapixel rẹ̀ 21.1, àwòrán rẹ̀ ṣì gbayì. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé, nígbàkígbà tí a bá ya fọ́tò. Ìgbà 150,000 ni Canon ṣírò mọ́ ọn. Jẹ́ kí wọ́n fi iye tó ti ṣí hàn ọ́. Bó bá kéré, sanwó. Bó bá ti tó 140,000, ìyá yẹn ò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òde ìgbéyàwó ló ń lọ. Má ra kámẹ́rà náà, ṣùgbọ́n bá mi gba nọ́ńbà ìyá: ọjọ́ ìbí mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.