Òfin tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ

Èmi Àjàní, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn àgbàlagbà tí ń péjọ ní àràárọ̀ Sátidé lórí pápá ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, èmi tí ewú ti gba orí mi tán bí òwú tí ó là lóko, tí orúnkún mi sì máa ń ké kí èmi gan-an tó ké, èmi ni wọ́n já ìwé gbélé-ẹ fún bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ká mọ́ orí igi máńgòrò. Kò sí ẹni tí ó ṣe mí: ọwọ́ mi ni mo fi kọ òfin náà, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wọ inú rẹ̀, ẹnu mi ni mo sì fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ara mi.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni àwa tí a jọ ń du ife-ẹ̀yẹ kékeré kan tí kò tóbi ju ife tí a fi ń mu ògì lọ. Nínú ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ọ̀tá wa pàtàkì ni gbajúmọ̀ kan wà, awakọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ti ìgalà, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kì í bú rẹfirí kí ó má dé orí bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ òfin ìdíje náà nítorí pé èmi ni mo mọ̀wé, ọkùnrin yìí ni mo gbé síwájú ọkàn mi bí mo ti ń kọ ọ́: ẹni tí ó bá gba káàdì pupa yóò lọ rọ́kún nílé fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, bí ó bá bú rẹfirí, a ó fi méjì lé e, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a kò bá gbá parí, tàbí èyí tí kì í ṣe ti ife-ẹ̀yẹ, kò sí nínú kíkà, ẹgbẹ́ tí ó bá sì mú ẹni tí ìyà rẹ̀ kò tí ì pé wọ pápá yóò pàdánù pẹ̀lú gólì 3 sí òdo. Mo fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, ṣùgbọ́n tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan sì wà lọ́rùn mi tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Gíríìsì gbá bọ́ọ̀lù ní Bloemfontein, tí a ti fi gólì kan ṣíwájú, tí Sani Kaita gbé ẹsẹ̀ sí ọmọ Gíríìsì kan ní ìṣẹ́jú 33, tí wọ́n lé e jáde, tí a sì ti ibẹ̀ pàdánù pẹ̀lú gólì 2 sí 1, èmi ni mo dìde ní pálọ̀ mi, tí mo na ìka sí tẹlifíṣàn, tí mo ní ẹni tí ó bá ní làákàyè kò lè ṣe irú rẹ̀ láé. Ìyàwó mi, tí ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò wí nǹkan kan. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ni.

Ó wá di ọjọ́ tí a pàdé ẹgbẹ́ awakọ̀ yìí. Bọ́ọ̀lù bọ́ sẹ́yìn mi, awakọ̀ tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, èmi náà tẹ̀ lé awakọ̀, ó sì ku òun àti aṣọ́lé wa nìkan. Mo nawọ́ kí n di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ga bí ó ti ń ga tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣòkòtò péńpé rẹ̀ ni mo bá, mo sì ṣubú láìjọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá alákàrà tí ó wà létí pápá rí lọ́jọ́ náà, ẹnu mi kò ní ròyìn rẹ̀. Ó tó kí n sọ pé awakọ̀ náà ṣì sáré tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin kí atẹ́gùn tó ta á lólobó.

Ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò ni rẹfirí. Ó súnmọ́ mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí koríko, ó ní, “Ẹ kú làálàá, sà. Ẹ má bínú sí mi, sà.” Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì na káàdì pupa sókè.

Bí mo bá ti rọra bá ọ̀nà ilé lọ ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n mo rántí pé mo mọ̀wé. Mo ní, ṣé ó mọ̀ pé Ken Aston, rẹfirí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wo iná ojú pópó ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn rúkèrúdò tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín England àti Argentina ní 1966, tí ó fi ronú kan káàdì? Mo ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní Mexico ní 1970, wọn kò na pupa sí ẹnikẹ́ni rárá. Ó di 1974 kí Carlos Caszely ọmọ Chile tó gba ti àkọ́kọ́. Ta wá ni ìwọ, ìwọ tí méje lọ́nà mẹ́jọ ń jẹ́ àádọ́ta lọ́wọ́ rẹ, tí ìwọ ó na tìrẹ sí olùkọ́ rẹ? Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé mo bú òun. Ó di mẹ́ta.

Mo fara mọ́ ìyà mi bí ọmọlúàbí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kìíní, abẹ́ igi ni mo wà. Ní ìkejì, òjò dé, àrá sán, a sì tú ká kí ó tó parí, ṣùgbọ́n èmi jókòó tì í títí omi fi dé kókósẹ̀ mi, mo sì kà á. Ẹ̀kẹta, níbi ìgbéyàwó ọmọ alága wa ni a ti bá àwọn àna gbá ti ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Agbádá ni mo wọ̀, mo ń jẹ mọ́ínmọ́ín, èyí náà ni mo kà. Nígbà tí ó di àṣekágbá, tí a tún pàdé ẹgbẹ́ awakọ̀, mo so okùn bàtà mi pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó kù tí bọ́ọ̀lù fi bà mí lórí nígbà tí mo ń wo ibòmíràn, tí ó sì wọlé. Gólì kan ṣoṣo tí mo jẹ láyé mi nìyẹn. Onílù fi gángan kì mí títí mo fi gbàgbé orúnkún mi.

A ti gbé ife sókè nígbà tí awakọ̀ wá bá mi pẹ̀lú ìwé kan tí a ká sí mẹ́rin. Ó ní, “Bàbá akọ̀wé, ìwé ọwọ́ yín kọ́ nìyí, sà?” Ìgbà kìíní nìyẹn tí mo gbọ́ tí ó sọ̀rọ̀ láìbú ẹnikẹ́ni. Mo rí ìlà méjì tí mo fi rúlà fà. Rẹfirí ni ó bá mi ka ìyà náà níwájú gbogbo èèyàn, ó ń fi ìka rẹ̀ ṣírò bí mo ti kọ́ ọ: “Ọ̀kan, sà. Ọ̀kan péré ni ẹ tíì ṣe.” Gólì mi di òfo, wọ́n sì gba ife lọ́wọ́ wa.

Mo pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo ní Zidane tí ó kan Materazzi ní àyà ní àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006 ní Berlin, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni FIFA dá fún un, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ìlú fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà dára, kí n máa ro koríko pápá. Ṣùgbọ́n Zidane ti fẹ̀yìn tì, èmi sì ti kọ̀ láti fẹ̀yìn tì, nítorí náà roko-roko kò ní dín nǹkan kan kù nínú ìyà mi. Alága ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ó sì gbé àpò bọ́ọ̀lù lé mi lórí.

Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi gba àpò náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá ọmọ mi, Kaita ní kí n kí yín.”

Ìdíje ti parí fún ọdún yìí, nítorí náà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tí ó kù yóò bá mi wọ ọdún tí ń bọ̀. Bàtà mi ti ọ̀tún wà lábẹ́ ibùsùn. Ti òsì ni ìyàwó mi fi ń dí ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí atẹ́gùn má baà pa á dé.