Òkè Tí A Sanwó Gùn

Àwa ará Mainland Èkó kò ní òkè. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó dábùú títì Ìkòròdú ní Onípanu lòkè wa, òun náà a kì í gùn ún: kọnkéré àárín títì là ń fò. Síbẹ̀, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ agunkè wa wọ bọ́ọ̀sì ní Yábàá láàárọ̀ kùtù, ó di òkè Ìdànrè. A sanwó, wọ́n sì nawọ́ àtẹ̀gùn tó lé ní 600 sí wa.

Ní àtẹ̀gùn 100, orin là ń kọ. Ní 200, àdúrà. Ní 300, ẹ̀gbọ́n kan láti Mùṣín béèrè bóyá ọ̀kadà ń gòkè. Màmá kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, agbọ̀n lórí, sílípáàsì lẹ́sẹ̀: “Ẹ kú ìgbádùn o!” Kò sẹ́ni tó rí èémí dá a lóhùn.

Àwọn ará Ìdànrè fúnra wọn ti kó kúrò lókè yìí wá sísàlẹ̀, ó ti lé ní 80 ọdún. Àwa la sanwó lọ wádìí ohun tó lé wọn.

Nígbà tí a padà dé Onípanu, a wo afárá, a wo ara wa, a sì fo kọnkéré.